Kì í Ṣe Ife Nìkan

Igbá, ahá, agbè, akèrègbè, àmù, orù, ìgò, ṣágo, kọ́ọ̀bù, tọ́ńbìlà, jọ́ọ̀gì, kẹ́ẹ̀gì: orúkọ ohun tí Yorùbá ń gba ohun mímu sí, tí wọ́n fi ń dà á, tàbí tí wọ́n fi ń mu ún ni gbogbo wọn. Síbẹ̀ èrò kan ti fìdí múlẹ̀ láàárín àwọn olùkọ́, àwọn olóòtú ìwé àti àwọn tí wọ́n fi ara wọn ṣe ọlọ́dẹ èdè pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ojúlówó, òun náà ni ife. Lójú wọn, igbá àti ahá jẹ́ ọ̀rọ̀ ará oko tí ìgbà ti kọjá lórí wọn. Kọ́ọ̀bù, tọ́ńbìlà àti jọ́ọ̀gì sì jẹ́ ẹrẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì dà sínú omi tó mọ́. Ọmọ iléèwé tí ó bá kọ kọ́ọ̀bù sínú àròkọ, olùkọ́ a fi gègé pupa fàlà sí i, a sì kọ ife lé e lórí. Èrò yìí kò tọ̀nà. Ó ṣi bí Yorùbá ṣe ń sọ ohun èlò lórúkọ mọ̀, ohun tí ó sì ní òun ń tún ṣe gan-an ni ó ń bà jẹ́.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn orúkọ àtijọ́ ti ara ewéko kan ṣoṣo jáde. Ewéko tí ó ń fà ni, àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é ní Lagenaria siceraria. Ó lè gun igi, ó sì lè tàn sílẹ̀ bí ẹ̀gúsí. Èso rẹ̀ kì í rí bákan náà. Èyí tí ó rí roboto ni wọ́n ń là sí méjì. Tí wọ́n bá ti rẹ ẹ́ sómi tí inú rẹ̀ jẹrà, tí wọ́n ha á, tí wọ́n sá a gbẹ, ìlàjì kọ̀ọ̀kan di igbá. Kékeré irú rẹ̀, tí ọwọ́ kan lè gbé dé ẹnu, ni ahá. Èyí tí ọrùn rẹ̀ gùn tí ikùn rẹ̀ sì tóbi, ẹnì kan kì í là á. Ẹnu ọrùn rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń gé, wọ́n a rọ omi àti yanrìn sí i, wọ́n a máa mì í títí kóró àti ìdọ̀tí inú rẹ̀ yóò fi jáde tán. Òun ni agbè, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní akèrègbè, tí àwọn mìíràn ń pè ní akèǹgbè. Èyí tí ó kéré jọjọ, tí oògùn ń gbé inú rẹ̀, ni àdó. Èyí tí àwọn ọlọ́ṣàngó ń mì bí wọ́n bá ń kí òrìṣà wọn, tí ohun mímu kankan kì í dé inú rẹ̀, ni ṣẹ́rẹ́. Orúkọ kan tàbí méjì ni Gẹ̀ẹ́sì ní fún gbogbo wọn, kò sì sí ẹni tí ó tìtorí ìyẹn pe Gẹ̀ẹ́sì ní èdè òtòṣì.

Ìtóbi nìkan kọ́ ni ó ya àwọn ohun èlò wọ̀nyí sọ́tọ̀. Ẹnu àti ọrùn wọn ni, nítorí pé ẹnu ohun èlò ni ó ń sọ ohun tí ọwọ́ yóò ṣe. Ohun tí ẹnu rẹ̀ bá fẹ̀, bíbù ni wọ́n ń bu nǹkan nínú rẹ̀. Ohun tí ọrùn rẹ̀ bá tín-ín-rín, rírọ ni wọ́n ń rọ nǹkan sí i, dídà ni wọ́n sì ń dà á jáde. Bí ọrùn náà bá wá tín-ín-rín jù, wọ́n a wá àrọ tì í lẹ́nu. Omi odò, pípọn ni. Ẹni tí ó bá sọ níwájú adẹ́mu pé òun fẹ́ bu ẹmu nínú akèrègbè ti jẹ́ kí gbogbo ará ibẹ̀ mọ̀ pé òun kò fọwọ́ kan akèrègbè rí. Orúkọ àti ọ̀rọ̀-ìṣe jọ ń rìn ni. Ẹni tí ó bá mọ orúkọ ohun èlò ti mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó, kí ó tó fojú rí i. Ife kò lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo wọn.

Ẹmu ni ó fi èyí hàn kedere jù. Ní ìlú Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ àti káàkiri Ìlà-Oòrùn Ìjẹ̀bú, títí dé àbàtà tí ó kọjú sí ọ̀sà, igi ọ̀pẹ ni ó ń fúnni ní ẹmu, ọ̀pẹ inú àbàtà ni ó sì ń fúnni ní ògùrọ̀. Adẹ́mu a fi igbà gùn ún, a dá a lójú, a so akèrègbè mọ́ ojú ibẹ̀, a sì fi í sílẹ̀ kí ó máa kán. Kí ó tó padà wá sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹmu ti bẹ̀rẹ̀ sí í ho, nítorí pé ìwúkàrà tí kò ṣeé fojú rí, tí ó ti wà lára akèrègbè àti nínú afẹ́fẹ́, ti ń sọ ṣúgà inú omi náà di ọtí, ó sì ń tú afẹ́fẹ́ jáde. Tí wọ́n bá rọ irú ẹmu bẹ́ẹ̀ sínú ìgò tí wọ́n dé e pa, ìgò náà lè bú. Ewé tí wọ́n ká tí wọ́n fi dí akèrègbè lẹ́nu ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ náà rí ọ̀nà jáde, kò sì jẹ́ kí oyin àti eṣinṣin ráyè wọlé. Ìdí nìyí tí ohun ọlọ́rùn bí akèrègbè fi yẹ iṣẹ́ náà. Nígbà tí ó bá wá kan mímu, igbá tàbí ahá ni wọ́n ń da ẹmu sí, nítorí pé ojú rẹ̀ fẹ̀. Ọ̀mu lè fẹ́ ìfófòó àti kòkòrò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ó tó gbé e mì. Ohun èlò méjì, iṣẹ́ méjì, orúkọ méjì. Ìwé tí ó bá pe méjèèjì ní ife kò tí ì tọ́ ẹmu wò.

Amọ̀ náà ní tirẹ̀. Odò ni wọ́n ń gbé orù lọ. Ilé ni àmù ń jókòó sí, nínú yanrìn tútù, ní igun tí oòrùn kì í dé. Nítorí pé wọn kì í fi nǹkan kun amọ̀ náà lára kí omi má baà rí ibi gbà, omi ń yọ́ gba ara rẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀, bí ó sì ti ń gbẹ lára àmù ni ó ń mú kí èyí tí ó kù nínú rẹ̀ tutù. Igbá tí wọ́n fi ń bu omi inú àmù kì í sábà jẹ́ èyí tí ẹnu ń kàn, ìmọ́tótó tí kò dúró de oníwàásù ìlera kankan kí ó tó di àṣà.

Ó yẹ kí a wá bi ara wa bí ife ṣe gba gbogbo àyè yìí. Ó jọ pé ìwé atúmọ̀ èdè ni ó fà á, kì í ṣe ẹnu àwọn ènìyàn. Láti ìgbà tí Samuel Àjàyí Crowther ti tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843, àwọn míṣọ́nnárì àti àwọn akọ̀wé ni ó kọ́kọ́ ń wá ọ̀rọ̀ sínú irú ìwé bẹ́ẹ̀. Èyí tí ìjọ CMS tẹ̀ ní Èkó ní 1913 pín sí apá méjì, Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá ni apá kìíní. Ẹni tí ó bá ti ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì bọ̀ ń béèrè ìbéèrè kan, ìdáhùn kan ni ó ń fẹ́, ó sì rí i gbà. Ìwé náà kò ṣẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un ni ó ṣe. Àwọn tí ó wá sọ ìdáhùn náà di òfin ni ó ṣẹ̀. Àní àwọn tí wọ́n túmọ̀ Bíbélì kò fara mọ́ òfin yìí: ago ni ó wà nínú Sáàmù kẹtàlélógún, níbi tí ohun mímu ti kún títí ó fi ṣàn sílẹ̀, gbogbo ọmọ Ìjọ tí ó mọ Sáàmù náà lórí ni ó sì ń pè é bẹ́ẹ̀ títí di òní. Olùkọ́ tí ó ń fi gègé pupa pa kọ́ọ̀bù rẹ́ kò jẹ́ fi í kan ago.

Ife fúnra rẹ̀ kò dúró sójú kan. Àwọn oníròyìn ń pe ohun tí wọ́n ń fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí ó bá borí ní Ife Ẹ̀yẹ, ti àgbáyé sì ni Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé. Láti 1974 ni ti àgbáyé ti jẹ́ ère wúrà tí ènìyàn méjì gbé ayé lé orí. Kò ní ihò, kò sì lè gba omi tó ìkán kan. Kò sí ẹni tí ó ní kí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹni tí ó fara mọ́ ife tí kò lè gba omi kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi dúró láti bá kọ́ọ̀bù jà.

Lórí ọ̀rọ̀ àyálò, àwọn ọlọ́dẹ èdè kì í sọ òtítọ́ tán. Wọn kì í fàlà sí garawa, wọn kì í fàlà sí búùtà tí mùsùlùmí fi ń ṣe àlùwàlá, wọn kì í sì í fàlà sí tánganran. Bẹ́ẹ̀ ọ̀dọ̀ Hausa ni garwa, buta àti tangaran ti wá. Wọ́n ti pẹ́ lẹ́nu Yorùbá débi pé etí kò gbọ́ ìṣẹ̀dálẹ̀ wọn mọ́. Nítorí náà kì í ṣe àyálò ni wọ́n ń bá jà, òórùn Gẹ̀ẹ́sì ni. Bí ó bá jẹ́ pé ìlànà ni, ìlànà tí ó ń yan ẹni tí yóò nà ni.

Ọ̀nà tí àwọn ọ̀rọ̀ tuntun gbà wọlé ní Ìjẹ̀bú hàn gbangba. Ṣáájú 1892, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kógun ja Ìjẹ̀bú, àwọn Ìjẹ̀bú ni ó wà láàárín Èkó àti àwọn ìlú òkè nínú ọ̀rọ̀ òwò. Ọjà òyìnbó ń gba orí ọ̀sà wá sí Ẹ̀pẹ́ àti ọjà Ejìnrìn, kí wọ́n tó rù ú wọ Ìjẹ̀bú-Òde. Ọtí jíìnì wà lára ẹrù náà, nínú ìgò onígun mẹ́rin. Ọtí a tán, ìgò kì í tán. Ìgò tí jíìnì ti gbẹ nínú rẹ̀ a di ti epo pupa, a di ti kẹrosíìnì, a di ti àgbo. Èyí tí ó tóbi, tí ikùn rẹ̀ rí roboto, di ṣágo. Àdéhùn tí àwọn ìjọba òyìnbó fọwọ́ sí ní Saint-Germain ní 1919 dí ọ̀nà mọ́ ọtí líle olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń kó wá sí Áfíríkà. Nígbà tí ó fi di àwọn ọdún 1930, ògógóró tí wọ́n ń pọn láti ara ẹmu àti ògùrọ̀ ti gba àyè rẹ̀, inú ìgò òyìnbó kan náà ni ó sì wọ̀. Ní 1949 ni bíà Star bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní Èkó, ìgò bíà sì di òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń ta oyin àti epo lọ́jà. Ibi gbogbo tí ìgò dé, ó bá ọ̀rọ̀-ìṣe tirẹ̀ níbẹ̀: rírọ ni wọ́n ń rọ nǹkan sí i, gẹ́gẹ́ bí ti akèrègbè. Ó ní ọrùn, ọ̀rọ̀ ti parí.

Bí a bá yẹ àwọn tí orúkọ wọn ti Gẹ̀ẹ́sì wá wò lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, a ó rí i pé àyè tí ó ṣófo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà. Jọ́ọ̀gì fẹ̀ lẹ́nu bí igbá, ó ní ọwọ́ tí wọ́n fi ń dì í mú, ó sì ní ẹnu ṣóńṣó tí omi ń gbà. Kò sí igbá tàbí agbè kan tí ó da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ rí. Kọ́ọ̀bù wá gẹ́gẹ́ bí tánganran ọlọ́wọ́ tí kì í fọ́ bí ó bá já bọ́. Tọ́ńbìlà jẹ́ ti gíláàsì. Kì í ṣe pé Yorùbá kò mọ gíláàsì: ní Ilé-Ifẹ̀, ní Igbó Olókun, wọ́n ti ń yọ́ ọ ṣe ìlẹ̀kẹ̀ kí ọkọ̀ òyìnbó kankan tó dé etíkun, àwọn awalẹ̀pìtàn sì ti rí ìkòkò tí wọ́n fi yọ́ ọ. Ìlẹ̀kẹ̀ ni wọ́n fi ṣe, kì í ṣe ohun ìmumi, nítorí náà orúkọ ìlẹ̀kẹ̀ ni ó ní. Nígbà tí ohun ìmumi onígíláàsì wá dé, ó mú orúkọ tirẹ̀ dání. Orúkọ yẹn náà ní ìtàn: ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, tọ́ńbìlà jẹ́ ohun ìmutí tí ìdí rẹ̀ kò tẹ́, tí ó ń ṣubú bí wọ́n bá gbé e kalẹ̀, ṣíṣubú yẹn ni wọ́n sì fi sọ ọ́ lórúkọ. Igbá náà kò ní ìdí tí ó tẹ́; òṣùká ni wọ́n ń gbé e lé. Òyìnbó tí ó kọ́kọ́ di tọ́ńbìlà mú kò mọ̀ pé igbá ni òun mú lọ́wọ́.

Ti kẹ́ẹ̀gì tún yani lẹ́nu jù. Ní ilẹ̀ òyìnbó, àgbá kékeré onígi ni. Nínú The Palm-Wine Drinkard tí Amos Tútùọlá, ọmọ Abẹ́òkúta, kọ, tí ó jáde ní 1952, 150 kẹ́ẹ̀gì ẹmu ni adẹ́mu ń dá fún ọ̀mu náà láràárọ̀, tí ó sì tún ń fi 75 kún un ní ìrọ̀lẹ́. Kò sí ẹni tí ó gun ọ̀pẹ pẹ̀lú àgbá onígi. Ó jọ pé akèrègbè ni Tútùọlá ń rí lọ́kàn bí ó ti ń kọ ọ́. Lónìí, kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n ń tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà márosẹ̀ láti fi ta ẹmu jẹ́ ti rọ́bà, ó ní ọwọ́, ó sì ní ìdérí tí wọ́n ń yí. Igi, agbè, rọ́bà: ohun tí wọ́n fi ṣe é ti yí padà lẹ́ẹ̀mejì, iṣẹ́ rẹ̀ kò yí. Ọ̀rọ̀ tí ó gba irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ Yorùbá kì í ṣe àlejò mọ́.

Àwọn tí ó ń ṣọ́ èdè a máa sọ pé àyálò ni ó ń pa ọ̀rọ̀ ìbílẹ̀. Ìdájọ́ yìí mú aláìṣẹ̀. Kọ́ọ̀bù kò pa ahá. Tánganran àti rọ́bà, tí wọ́n dínwó tí kì í sì í fọ́, ni ó lé ahá kúrò nílé. Bí ohun èlò bá lọ, orúkọ rẹ̀ a tẹ̀ lé e. Bí ohun èlò bá dúró, orúkọ rẹ̀ a dúró. Akèrègbè ṣì wà lẹ́nu nítorí pé ó ṣì wà níbi ìdána àti níbi ètùtù. Igbá ṣì wà nítorí pé àwọn agbẹ́gbá Ọ̀yọ́ ṣì ń fín in. Bí wọ́n bá pa kọ́ọ̀bù rẹ́ nínú ìwé, ahá kò ní tìtorí ìyẹn padà wá.

Ife gan-an ni ó lè pa ọ̀rọ̀, bí wọ́n bá fi í rọ́pò gbogbo nǹkan. Nígbà tí ọmọ tuntun bá kú tí ìyá rẹ̀ yè, àwọn àgbà a máa tu ìyá náà nínú pé omi ni ó dànù, agbè kò fọ́. Gbogbo agbára ọ̀rọ̀ yìí wà nínú agbè. Agbè ni ó ń padà lọ sí odò. Òun ni wọ́n ń rọ omi sí lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ó bá fọ́, ìrìn odò tán. Kí a fi ife sí ibẹ̀, kí a wò ó: ife tí kò fọ́ kò tu ẹnikẹ́ni nínú, nítorí pé kò sí ẹni tí ń gbé ife lọ sí odò. Ọmọ tí ife nìkan ni ó kọ́ níléèwé yóò gbọ́ òwe náà bí ìgbà tí ènìyàn gbọ́ ariwo.

Gàárì Ìjẹ̀bú tún ń da ètò àwọn olùkọ́ rú. Mímu ni wọ́n ń mu ún, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ṣíbí ni wọ́n fi ń bù ú sẹ́nu, pẹ̀lú omi tútù, ṣúgà àti ẹ̀pà. Kóńgò ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n lọ́jà. Abọ́ tàbí kọ́ọ̀bù ńlá ni wọ́n ń rẹ ẹ́ sí nílé. Kò sí ọmọ Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ kan tí ó ń mu ife gàárì kan. Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ mọ́ ọn, ẹnu sì mọ̀, kí ìwé tó mọ̀. Ní ọjà kan náà, dẹ̀rẹ́kà tí wọ́n fi ń wọn ìrẹsì jẹ́ agolo tòmátì kan tí orúkọ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ti di orúkọ òṣùwọ̀n. Kò sí ẹni tí ó ní kí wọ́n máa pè é ní ife ìwọ̀n ìrẹsì.

Èyí tí ó ní ìwọ̀n òtítọ́ nínú àwáwí àwọn olùkọ́ ni pé ìdánwò ń fẹ́ ọ̀rọ̀ kan tí gbogbo àgbègbè yóò gbà. Ó dára. Kí ife máa jẹ́ ọ̀rọ̀ ìdánwò fún ohun ìmumi, kí wọ́n sì jẹ́ kí ó mọ níbẹ̀. Kí ìwé kíkà béèrè lọ́wọ́ ọmọ pé kí ni wọ́n fi ṣe é, ṣé ẹnu rẹ̀ fẹ̀ àbí ọrùn rẹ̀ tín-ín-rín, ṣé bíbù ni àbí rírọ, kí ni ó ń gbé inú rẹ̀. Ọmọ tí ó bá lè dáhùn ìwọ̀nyí mọ Yorùbá ju ẹni tí ó há ife sórí lọ, yálà ó kọ kọ́ọ̀bù tàbí kò kọ ọ́. Àwọn tí ń ṣẹ̀dá orúkọ tuntun fún jọ́ọ̀gì, tí gbólóhùn wọn ń gùn bí okùn kànga, lè máa bá iṣẹ́ wọn lọ. Ẹni tí òǹgbẹ ń gbẹ kò ní dúró pè é tán.

Orúkọ tuntun ń jáde láìsí ìgbìmọ̀ kankan. Nígbà tí omi tí wọ́n ń dì sínú náílọ́ọ̀nù gbòde, ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn fi sọ ọ́ lórúkọ ni ọ̀rá, ọ̀rọ̀ kan náà tí wọ́n ń lò fún ọ̀rá ẹran. Ohun ìmumi ni, àmọ́ kò ní ẹnu, kò ní ọrùn, kò sì ní ìdí. Eyín ni wọ́n fi ń ṣí i ní igun kan, fífà ni wọ́n sì ń fà á mu. Èyí tí ó ní ọrùn, tí wọ́n fi rọ́bà ṣe, ní orúkọ méjì tí wọ́n ṣì ń bá ara wọn du ipò: àwọn kan ń pè é ní ìgò oníke nítorí ọrùn rẹ̀, àwọn mìíràn ń pè é ní rọ́bà omi nítorí ohun tí wọ́n fi ṣe é. Ìbéèrè ọrùn tí ó ya igbá kúrò lára agbè, àti ìbéèrè ohun tí wọ́n fi ṣe é tí ó ya agbè kúrò lára orù, ni wọ́n ṣì ń bi í, ẹnu àwọn tí ń ta á àti àwọn tí ń rà á ni ìdájọ́ sì wà.